Ohun Tí Iná Orí Dáṣíbọ́ọ̀dù Kò Sọ

Fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ariwo kan wà nínú ọkọ̀ mi tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Kì í ṣe ariwo ńlá. Bí mo bá ń wakọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, n kò ní gbọ́ ọ rárá. Àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí mo bá ti lọ gbé ìyá mi ní Láfẹ́ńwá, ní Abẹ́òkúta níbí, tí òun àti àpò láfún rẹ̀ méjì bá ti wà nínú ọkọ̀, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kúrò létí odò Ògùn bọ̀ wá sí apá Ìbarà, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, bí ìgbà tí ọmọdé da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì tí ó ń mì ín. Bí mo bá dẹ ẹsẹ̀, á dákẹ́. Bí mo bá tún tẹná, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta: "Ọkọ̀ yìí ń wúkọ́."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni iná kékeré aláwọ̀ ọsàn tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, ọmọ ọdún 1999, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, lítà 2.2, tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì tí ó ti ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Ó ki sikánà bọ ojú ihò tó wà lábẹ́ sitiárín, nọ́ńbà kan jáde: P0401. Ó ní, "Mọ́mì, fáàfù EGR yín ti kú." Ó fi sikánà pa iná náà, mo sanwó, mo lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, bí mo ṣe ń kọjá ní Adátán, iná náà tún tàn. Mo padà lọ, ó tún pa á, ó sì tún tàn. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní ọ̀nà méjì ló kù: kí n ra fáàfù mìíràn, tí iye rẹ̀ ju ìdámẹ́ta owó oṣù mi lọ, tàbí kí òun gé páànù pẹlẹbẹ kan kí òun fi dí ojú ọ̀nà rẹ̀, kí gbogbo wa sinmi.

Ọmọ dáadáa ni, kì í purọ́, kì í sì í jí nǹkan lára ọkọ̀ oníbàárà. N kò kọ èyí láti bà á lórúkọ jẹ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ tó sọ dá lórí ẹ̀rí, ẹ̀rí náà sì jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ mo ń gbọ́ nínú ara mi pé ìdájọ́ náà kò tíì pé.

Òótọ́ tí kò tó

Kí n ṣàlàyé ohun tí fáàfù yìí ń ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ó ń wakọ̀ ni a mọ orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí a sanwó rẹ̀ nìkan. Nínú 100 ìpín afẹ́fẹ́ tí à ń mí, 78 ni nítírójìn. Nítírójìn kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, àfi bí iná bá gbóná kọjá àlà. Bí ooru inú sílíńdà bá ti ń kọjá nǹkan bí 1,370 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì, nítírójìn á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ ọ́síjìn, ohun tí yóò sì gba ẹnu sàlẹ́ńsà jáde ni gáàsì tí ń ta ọ̀fun, tí ń dá kún kùrukùru búburú lójú ọ̀run ìlú ńláńlá, tí ó sì ń mú kí ìyà jẹ ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń há. Láti nǹkan bí ọdún 1973 ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń dá díẹ̀ nínú èéfín tó ti jóná padà sínú ẹ́ńjìnnì láti rọ ooru yẹn lójú. Èéfín náà kò ní ohun tí yóò tún jó mọ́. Ó kàn ń gba àyè, ó sì ń gba ooru sára, bí omi tútù díẹ̀ tí a bù sínú ọbẹ̀ tó ń hó gùdùgùdù. Kì í pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù, bí ìpín 5 sí 15 nínú 100 ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú ni.

Dídá èéfín padà yìí ni wọ́n ń pè ní EGR lédè Gẹ̀ẹ́sì, fáàfù EGR sì ni aṣọ́nà tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún èéfín náà. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ wà ní títì, nítorí iná inú ẹ́ńjìnnì kéré nígbà náà, bí èéfín bá wọlé tọ̀ ọ́, yóò kú. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré déédéé lójú pópó, ó gbọ́dọ̀ ṣí. Bí kò bá ṣí, ooru á pọ̀ jù, epo á máa bú gbàmù kí àkókò rẹ̀ tó tó, bíbú àìtásìkò yẹn ni òkúta wẹ́wẹ́ inú agolo tí mo ń gbọ́ lórí òkè.

Nínú ọkọ̀ tèmi, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan ló jókòó sójú ọ̀nà èéfín náà, ooru nìkan ló sì mọ̀. Bí bíréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bá pàṣẹ pé kí fáàfù ṣí, tí sẹ́ńsọ̀ sì jíṣẹ́ pé òun kò rí ooru kankan, bíréènì-bọ́ọ̀sì á fi í sọ́kàn. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀ nínú ìrìnàjò tó tẹ̀ lé e, á tan iná, á sì kọ P0401 sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná tí a bá fi sikánà pa fi lè fara pa mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó padà. Kì í ṣe pé ara ọkọ̀ yá láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó ṣì ń ṣe ìwádìí rẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Ìtumọ̀ P0401 kò ju pé èéfín tó ń padà kò tó. Nọ́ńbà náà kò dárúkọ fáàfù. Fáàfù lè dì. Awọ rọ́bà inú rẹ̀ lè ya. Rọ́bà tín-ín-rín tó ń gbé agbára ìfàmọ́ra, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́, lọ bá a kí ó lè ṣí, lè sán. Ẹ̀yà kékeré oníná tó ń ṣí agbára náà tó sì ń tì í lè jóná. Ojú ọ̀nà èéfín fúnra rẹ̀ lè dí. Sẹ́ńsọ̀ tó ń jẹ́rìí gan-an lè ti kú, kí ó má lè mọ ooru mọ́ bí a tilẹ̀ fi sínú iná. Ẹni mẹ́fà ló wà níbi ìṣẹ̀lẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló rojọ́, a sì mú ẹni tó sún mọ́ wa jù lọ sínú àhámọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Rọ́bà kan láti inú àpò

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló júwe bàbá kan fún mi lẹ́bàá Ìta-Òṣìn, tí ó ti ń ṣe mọ́tò láti ìgbà tí kábúrétọ̀ ṣì gbòde. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo ti ń ka nọ́ńbà náà kí n tó kí i tán. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí, ó sì béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: "Tíṣà, nígbà wo ló máa ń dún?" Mo ní orí òkè ni. "Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ńkọ́?" Mo ní rárá. "Ṣé ó máa ń kú mọ́ ọ lọ́wọ́ tóo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ?" Mo ní kò kú rí. Ó ní, "Ó dáa. Ṣáná sí i, kóo sọ̀ kalẹ̀ wá wo nǹkan."

Ohun tó tẹ̀ lé èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, mo sì ti rò ó ní àròtúnrò láti ìgbà náà. Bàbá yọ rọ́bà tín-ín-rín kan kúrò lórí fáàfù EGR, tí ó rí bí agboorùn kékeré onírin lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa rọ́bà mìíràn yọ, tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, tí ó ti fi abẹ gé ẹnu rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ó ki ẹnu kan bọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó sì gbé ẹnu kejì lé ìka ìfábẹ̀lá mi. Rọ́bà náà fà mí mọ́ra, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹnu ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Agbára tó ń ṣí fáàfù nìyẹn. Bíréènì-bọ́ọ̀sì ló máa ń bù ú fún un díẹ̀díẹ̀. Èmi fẹ́ fún un ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá ki èyí bọ̀ ọ́ báyìí, èéfín á ya wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbọ̀n, ó gbọ́dọ̀ fẹ́ kú. Tó bá kú, a jẹ́ pé ibí yìí kò ṣàìsàn."

Ó ki rọ́bà bọ orí fáàfù, àwa méjèèjì sì dákẹ́.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé a kò fọwọ́ kàn án. Ojú mi ti ń tàn, nítorí láti kékeré ni a ti kọ́ wa pé ẹ́ńjìnnì tí kò gbọ̀n ni ẹ́ńjìnnì tó dára. Bàbá wò mí, ó ní, "Kò yẹ kó dákẹ́."

Gbólóhùn yẹn ló yí ọ̀ràn náà padà lójú mi. Títí di àkókò yẹn, ohun tí ọkọ̀ ń ṣe nìkan ni gbogbo wa ń wò: iná tàn, ariwo dún. Bàbá wo ohun tí ó yẹ kí ọkọ̀ ṣe tí kò ṣe. Ó mọ ohun tó ń retí kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan, ó sọ ọ́ síta létí mi, ó sì fún ọkọ̀ náà láyè láti já a nírọ́. Sikánà ọmọdékùnrin yẹn gbọ́ ẹ̀sùn, àmọ́ rọ́bà yìí ni ó béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹni tí wọ́n ní ó ti kú

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ti dín àwọn afurasí kù, àmọ́ kò tíì mú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí agbára kíkún dé orí fáàfù tí ẹ́ńjìnnì kò sì mì, yálà fáàfù kò ṣí tàbí ó ṣí ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí èéfín yóò gbà. A jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Bàbá tú fáàfù náà, ó nù ún, ó fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rọ́bà tó so mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ó fi ahọ́n dí ẹnu rọ́bà náà. Rọ́bà náà rọ̀ sí i lórí ahọ́n, kò já bọ́. Ó fi ìka júwe abẹ́ fáàfù fún mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì rí ọ̀pá kékeré tó wà nínú rẹ̀ tó ti gòkè, tó dúró sókè, tí kò sọ̀ kalẹ̀ títí bàbá fi ya ahọ́n. Bí awọ inú rẹ̀ bá ti ya ni, rọ́bà ì bá ti já lójú ẹsẹ̀. Fáàfù tí mo fẹ́ẹ́ fi ìdámẹ́ta owó oṣù mi rọ́pò wà láàyè.

Bàbá wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò tí fáàfù ń bò. Ihò tó yẹ kí àtàǹpàkò mi wọ̀, igi ìṣáná kò lè gbà á kọjá. Èéfín ọdún tó lé ní ogún ti dì síbẹ̀, ó le, ó dúdú, ó ń dán, bí ìdí ìkòkò ẹni tó ń fi igi dáná. Bàbá fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ tó ti tẹ̀ lẹ́nu họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí i, ó sì fi àkísà tútù dí apá ibi tó lọ sínú ẹ́ńjìnnì, nítorí bí èérún ẹ̀dú líle yẹn bá bọ́ sínú sílíńdà, àrùn mìíràn ni a ra. Ibi yìí ni mo ti rí i pé sùúrù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nínú iṣẹ́ yìí. Ó tó wákàtí mẹ́ta. Ohun tó dà jáde kún àtẹ́lẹwọ́ mi.

Kò dúró níbẹ̀. Ó yẹ gbogbo rọ́bà wò, ó gé ẹnu ọ̀kan tó ti ń sán. Ó ṣí ìdérí ẹ̀yà róbótó kan tó ń díwọ̀n agbára ìfàmọ́ra náà, ó yọ asẹ́ inú rẹ̀, eruku ilẹ̀ pupa àti ti ọyẹ́ ti kún un bámúbámú, ó sì fẹ́ ẹ mọ́. Lẹ́yìn náà ó to gbogbo rẹ̀ padà, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó ní kí n ṣáná. Ó tún ki rọ́bà àpò rẹ̀ bọ ibi tó kọ́kọ́ fi í sí. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n rìrì, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú pátápátá. Inú mi dùn nígbà tí ọkọ̀ mi kú. Mo pàtẹ́wọ́.

Kí n sọ èyí fún ẹni tí àìsàn ọkọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Fáàfù EGR lè ṣàìsàn lódìkejì, kí ó ṣí sílẹ̀ kí ó má lè tì mọ́, pàápàá bí èérún ẹ̀dú bá há sí i lẹ́nu. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pariwo lórí òkè. Á máa gbọ̀n, á sì máa kú nígbà tó bá dúró, bí irú èyí tí ń dá ènìyàn dúró láàárín Pánṣẹ́kẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fun fèrè. Nọ́ńbà tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ P0402. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi òun ni bóyá yóò sinmi bí a bá yọ rọ́bà orí fáàfù. Bí ó bá sinmi, àṣẹ òdì ni fáàfù ń gbà. Bí kò bá sinmi, kí a tú fáàfù wò bóyá nǹkan há sí i lẹ́nu. Bí nọ́ńbà bá sì jẹ́ P0403, wáyà àti iná ni kí a kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe ẹ̀dú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ dé ju tèmi lọ kì í lo agbára ìfàmọ́ra mọ́, mọ́tò kékeré oníná ló ń ṣí fáàfù wọn, sikánà tó dára sì lè pàṣẹ fún un láti ṣí kí a gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe dáhùn. Ìbéèrè kan náà ni, irinṣẹ́ ló yàtọ̀.

Orí bíbẹ́ àti orí fífọ́

Mo fẹ́ padà sórí páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ fi dí ọ̀nà náà, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gba Àṣẹ̀rò àti Ìta-Èkó kọjá lónìí ló ní in. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí mo bá gbà kí wọ́n dí i, ariwo orí òkè kò ní lọ, nítorí dídí ni ó fà á, ooru tó ń fa bíbú àìtásìkò yẹn sì lè fọ́ pisítìnì níkẹyìn. Èyí jẹ́ ti oníkálukú. Ṣùgbọ́n gáàsì tó ń ta ọ̀fun kì í ṣe ti oníkálukú.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá mi ti ń jókòó sẹ́bàá títì ní Láfẹ́ńwá pẹ̀lú ọpọ́n láfún níwájú rẹ̀. Ẹnu sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tó bá dúró síwájú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ojú rẹ̀ nígbà tó bá jókòó lórí àpótí. Mo ti rí i tó ń fi etí ìborùn bo imú, tó sì ń fi ọwọ́ kejì wọn láfún fún oníbàárà. Nígbà tí a bá gé kátálísì, ẹ̀rọ tó ń dín oró èéfín kù, lábẹ́ ọkọ̀ tà, tí a dí EGR, tí a sì ní ọkọ̀ ṣáà ń rìn, ojú ọ̀nà ọ̀fun ìyá mi àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni a ti kó ẹ̀rọ méjèèjì yẹn kúrò. N kò lè fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ ibi tí èéfín ọkọ̀ tèmi ń lọ.

Owó ìbéèrè

Iná náà kò tàn mọ́. Mo ka ìrìnàjò méjì, mo ka mẹ́rin, mo ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, mo gun òkè Láfẹ́ńwá pẹ̀lú ìyá mi àti àpò méjì lẹ́yìn, mo pa rédíò kí n lè gbọ́ dáadáa. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ ni ẹ́ńjìnnì tó ń fi agbára gun òkè.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá ọmọdékùnrin mẹkáníìkì mi. Mo ròyìn rọ́bà, ahọ́n, ẹ̀dú àti wákàtí mẹ́ta fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i, ó sì wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò múra sílẹ̀ fún: "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fi wákàtí mẹ́ta wo ọkọ̀ yín, tí n kò sì ra pàátì kankan fún yín, ṣé ẹ máa sanwó fún mi?"

N kò lè dá a lóhùn kíákíá. Mo rántí pé nígbà tí bàbá pe owó rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kò kúkú pààrọ̀ nǹkan kan. Àwa oníbàárà ni a kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí pé pàátì nìkan ló ní owó lórí. A máa ń san owó fáàfù láìjanpata, a sì máa ń dúnàá-dúrà lórí owó iṣẹ́ ẹni tó sọ fún wa pé fáàfù wa kò ṣe nǹkan kan títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kù. Bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ ohun tó wà láàyè, a níláti máa san owó àkókò tí wọ́n fi bi ọkọ̀ wa léèrè ọ̀rọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní láti òní lọ, bí ó bá ń yẹ ọkọ̀ mi wò, kí ó ka wákàtí rẹ̀, èmi yóò san án, yálà ó rí nǹkan tàbí kò rí.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí ìdí ọkọ̀ oníbàárà kan tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ márùn-ún, tí fáàfù tòkunbọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sí i ṣì wà nínú ọ̀rá lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbé ọ̀rá náà kúrò, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gé rọ́bà kan láti ara èyí tó so kọ́ sára ògiri, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọlé, kí ẹ ṣáná sí i."